Ìpín Sagbo

Bí ẹ bá ti wọ kọ́rope rí láti Mowo lọ sí ọjà Agbalata, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Zinsu ló gbé yín. Ó sì lè jẹ́ Sagbo. Ẹ kò lè mọ̀. Ìbejì ni wọ́n, ọmọ Ẹ̀gùn, ojú kan náà, ohùn kan náà, fìlà aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn. Zinsu ló ń wa ọkọ̀ láti ìdájí títí di ọ̀sán. Bí aago kan bá lù, wọn a pàdé lẹ́nu ọjà, wọn a jọ jẹun lórí bẹ́ǹṣì kan, Sagbo a gba kọ́kọ́rọ́, a gba fìlà, a sì wa ọkọ̀ títí di alẹ́. Àwọn èrò rò pé ẹnì kan ni. Wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Kì-í-rẹ̀, nítorí ẹni tó gbé wọn lọ láàárọ̀ ló tún ń gbé wọn bọ̀ nírọ̀lẹ́, tí ojú rẹ̀ mọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Àwọn méjèèjì kò jẹ́ tú àṣírí náà. Wọ́n máa ń fi rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí èmi kì í ṣe ọmọ Ẹ̀gùn: nígbà tí Sagbo kú, kò sí èrò kan tó mọ̀. Ohun tí wọ́n rí kò ju pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ Bàbá Kì-í-rẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ ogbó ló dé, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ.

Tíṣà ni mí. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ibereko níbí. Yàrá tí àwọn ìbejì náà ń gbé kọjú sí ilé mi, àgbàlá kan ló là wá láàárín. Sagbo kò fẹ́yàwó. Ìyàwó Zinsu ti kó ẹrù lọ sí Àjàṣẹ́ tipẹ́tipẹ́, ó sì kó ọmọ lọ. Àyà ni Sagbo dì mú lọ́jọ́ kan nínú oṣù Èrèlé, ó ní kí wọ́n bá òun bu omi, kí wọ́n tó bu omi dé, ẹ̀mí rẹ̀ ti bọ́.

Nínú àṣà àwọn Ẹ̀gùn, ìbejì kì í kú. Bí ọ̀kan bá lọ, wọn a ní “É yì zunmẹ,” ìyẹn ni pé ó ti wọ igbó lọ, ó lọ wá igi ìdáná. Àwa Yorùbá náà kì í la ẹnu gbàgà sọ pé ìbejì kú, nítorí náà n kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n Agatha, àbúrò bàbá wọn, di àṣà yìí mú ju bó ti yẹ lọ. Ní ọjọ́ kẹta, mo se ìrẹsì, mo gbé e sínú kúlà, mo ré àgbàlá kọjá láti lọ bá Zinsu kẹ́dùn. Agatha ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà. N kò tí ì ya ẹnu tó fi gbọ́wọ́ sókè.

Ó ní, “Tíṣà, ta lẹ wá kí? Ẹnikẹ́ni ò kú níbí. Sagbo yì zunmẹ.”

Mo wo òkè èjìká rẹ̀, mo rí Zinsu lórí ẹní. Ó ń wo kúlà ọwọ́ mi. Ó wò ó, ó sì wo ojú mi, bí ọmọ tí wọ́n gbé oúnjẹ kọjá níwájú rẹ̀. Mo gbé kúlà mi, mo padà sílé. Ojú tì mí, inú ń bí mi, mo ní kí oníkálukú máa ṣe àṣà rẹ̀. N kò tún sọ̀rọ̀ náà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ṣe: wọn kì í bá ẹni tí ènìyàn rẹ̀ kò kú kẹ́dùn. Fún ọdún méjì ó lé, ẹnì kan kò kí Zinsu kú ohunkóhun.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń gbé fóònù méjì wá sọ́dọ̀ mi, nítorí mo ní sólà tí ọmọ mi rà fún mi. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀. Èkejì jẹ́ ti Sagbo. Ó ń ra káàdì sí i lóṣooṣù kí wọ́n má baà gba nọ́ńbà náà. A ó jọ jókòó, fóònù méjèèjì á máa jẹ iná lórí tábìlì, a ó sọ̀rọ̀ nípa iye ẹja, nípa títì tí wọn kò ṣe parí, a kì í sọ̀rọ̀ nípa Sagbo. Nígbà tí wọ́n bá kún, á kó méjèèjì sápò, á ní, “Ẹ ṣé, Tíṣà,” á lọ.

Ìdí tí kò fi lè jẹ́ kí nọ́ńbà náà kú nìyí. Ní ọdún kan kí Sagbo tó lọ, àwọn méjèèjì lọ forúkọ sílẹ̀ fún kọ́rope tuntun ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń ta ọkọ̀ lẹ́bàá títì ní Mowo. Tíà-rọ́bà ni wọ́n fẹ́, èyí tí ọ̀rá ṣì bo ìjókòó rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí rí. Ọmọ Ẹ̀gùn tó bá ti wa tòkunbọ̀ Kùtọnu fún ogún ọdún létí òkun yóò mọ ohun tí iyọ̀ ń fi irin ṣe. Ṣùgbọ́n kọ́rope tuntun kò pọ̀. Oṣù mìíràn mẹ́rin ni wọ́n máa ń pín fún ilé-iṣẹ́ náà, oṣù mìíràn wọn kì í rí ẹyọ kan. Iye rẹ̀ wà lára ògiri níbẹ̀, wọ́n fi yíǹkì pupa kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà. Iye ara ògiri wà fún wíwò ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ san “àfikún,” àfikún náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó ọkọ̀. Àwọn tó ń rà á ní iye ara ògiri ni àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń dúró de ìpín wọn.

Orúkọ Sagbo ni wọ́n fi gba ìpín, torí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju ti èkejì lọ. Zinsu ṣe onídùúró rẹ̀. Nọ́ńbà Sagbo ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n gbé ìwé náà wá fún mi kí n bá wọn tọ́jú rẹ̀, mo fi í sínú ìwé orin mi. Wọ́n san àsansílẹ̀, wọ́n sì ti tu owó yòókù jọ nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó pé, kò lé kọ́bọ̀. Bí ìpín yẹn bá bọ́, Zinsu kò ní àfikún tí yóò san títí ayé.

Nínú oṣù Ògún tó kọjá, tòkunbọ̀ náà kú sí ojú títì. Mẹkáníìkì wo abẹ́ rẹ̀, ó dìde, ó nu ọwọ́, kò bèèrè owó. Láti ọjọ́ náà ni Zinsu ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú yàrá rẹ̀ láti àárọ̀. Kò dé fìlà mọ́. Bí aago kan bá lù, á gbé oúnjẹ rẹ̀ jáde, á jókòó sí ìdajì bẹ́ǹṣì, á fi ìdajì sílẹ̀. Èmi tí mo ń dá gbé náà, mo mọ ohun tó ń jẹ́ dídá gbé, ṣùgbọ́n èyí tí mo ń wò láti ojú fèrèsé mi yẹn le ju tèmi lọ.

Lọ́jọ́ Ajé kan ní ìrọ̀lẹ́, fóònù Sagbo dún lórí tábìlì mi. Kò dún rí láti ọjọ́ tó ti lọ. Àwa méjèèjì kò mira. Ó dún, ó dún, kí Zinsu tó gbé e, ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ ibi tí ohùn fi jáde síta.

Ọmọbìnrin kan ló wà lórí rẹ̀. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Títílọpẹ́ ni mí, láti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní Mowo. Ṣé Ọ̀gbẹ́ni Sagbo ló ń sọ̀rọ̀?”

“Rárá o. Zinsu ni, èkejì rẹ̀.”

“Àwọn ńkọ́, sà?”

Zinsu wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó ní, “Ó lọ wá igi nínú igbó.”

“Kò burú, sà. Tí wọ́n bá dé, ẹ bá wa sọ fún wọn pé kọ́rope wọn ti wọlé o.”

Ó pè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó bèèrè bóyá wọ́n ti dé láti ibi igi. Zinsu ní rárá, kò tí ì dé. Ó tún pè lọ́jọ́rú, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà díẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, irú igi wo ni wọ́n ń wá láti Mọ́ńdè? Ẹ̀yin èèyàn wa, mẹ́rin péré ni wọ́n gbé fún wa o! Àwọn èèyàn ń fi àfikún bẹ ọ̀gá mi lọ́tùn-ún lósì. Bó bá di Fráìdè tí wọn ò yọjú, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíì. Mò ń bẹ̀ yín, ẹ wọ inú igbó yẹn lọ pè wọ́n.”

Ẹ̀rín gbé mi. N kò lè purọ́, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i pé èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní, “Zinsu, ṣé o ò lè sọ fún ọmọ yìí ni?”

Ó ní, “Tíṣà, ẹnu mi ò gbà á. Wọ́n ní ó lọ wá igi, èmi náà mo ní ó lọ wá igi. Bí mo bá fi ẹnu ara mi wí èyí tó kù, èmi ni mo pa nọvi ṣie.” Nọvi ṣie ni àwọn Ẹ̀gùn ń pe ọmọ ìyá ẹni.

Níbí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà, n kò ní fi pamọ́. Èmi tí mo fi ẹgba na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́ fún ọdún márùndínlógójì, èmi ni mo ní, “Ó dáa, ìwọ kúkú di Sagbo. Ojú yín kan náà ni. Ta ni yóò mọ̀?” Ó kọ́kọ́ mi orí. Mo tẹnu mọ́ ọn. Mo ní ọkọ̀ náà tiyín ni, ẹ kò jí ti ẹnikẹ́ni, bí ẹ bá sì gba ọ̀nà tààrà, àwọn wọ̀nyẹn á rí àwáwí fi gbé e tà. Nígbà tó yá, ó ní kí n tẹ̀lé òun lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Zinsu wọ ṣẹ́ẹ̀tì Sagbo, ó dé fìlà aláwọ̀ ewé náà, ó kó káàdì ìdìbò Sagbo sápò. Mo mú ìwé ìpín jáde láti inú ìwé orin mi. Nígbà tí a dé Mowo, kọ́rope mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú ọgbà, wọ́n ń dán. Zinsu fi ìka kan ṣoṣo tẹ ọ̀rá ara ìjókòó èyí tó wà nítòsí, ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹni tó sùn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe máa ń rí.

Títílọpẹ́ jẹ́ ọmọ kékeré kan tó wọ awò ojú ńlá. Bó ti rí orúkọ lórí ìwé, ó dìde pẹ̀lú ayọ̀, ó kúnlẹ̀. “Ẹ káàbọ̀ láti igbó o, sà! Ẹ̀yin lẹ ń dẹ́rù bà mí láti ọjọ́ yìí. Ṣé igi náà pọ̀?”

Zinsu ní, “Ó pọ̀.”

Ọkùnrin kan tó wọ léèsì funfun jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé báàgì lé orúnkún, ó ń wo aago. Títílọpẹ́ rọra sọ fún wa pé ẹni tó ń dúró bóyá a kò ní wá nìyẹn. Ó tẹ́ ìwé síwájú Zinsu, ó sì fi ibi tí yóò ti fọwọ́ sí hàn án. Zinsu kọ orúkọ Sagbo. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti ń rò ó pé inú kọ́rope tuntun ni màá bá lọ sílé.

“Ó ku ẹyọ kan, sà,” ni Títílọpẹ́ wí. “Onídùúró yín náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ọ̀gbẹ́ni Zinsu, àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n dà?”

A kò rò ó débẹ̀. Mo fi igbọ̀nwọ́ gún Zinsu, kó sọ pé ara rẹ̀ kò yá, kó sọ pé ó rìnrìn àjò, kó sọ ohunkóhun. Ẹnu rẹ̀ ṣí. Ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ fún ọdún méjì ló jáde.

Ó ní, “Zinsu? Zinsu lọ wá igi nínú igbó.”

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin méjèèjì yìí, ẹ mà fẹ́ràn igi o!”

Zinsu kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ń gbọ́ ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Mo rí i bó ṣe ń wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀. Ó ṣí fìlà lórí, ó gbé e lé tábìlì.

“Mi ò lọ wá igi,” ló wí. “Èmi ni Zinsu. Sagbo ló kú. Ó ti lé lọ́dún méjì. Sagbo kú.”

Jàmíù, ọ̀gá ibẹ̀, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Ó wá síbi tábìlì, ó mú ìwé ìpín, kò ka iwájú rẹ̀ rárá. Ó yí i padà. Ẹ̀yìn ìwé náà kún fún lẹ́tà wínníwínní tí n kò kà rí, ó sì túmọ̀ ìlà kan fún wa ní Yorùbá tó já gaara. Bí ẹni tó ni ìpín bá kú, ìpín náà di ti onídùúró rẹ̀, kí onídùúró sáà ti fi tó ilé-iṣẹ́ létí.

Ó ní, “Bàbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ká ní ẹ sọ ọ́ lórí fóònù ní Mọ́ńdè, ẹ ò bá ti gbé mọ́tò yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ti fi orúkọ òkú fọwọ́ síwèé níwájú wa. Mi ò lè gbà á mọ́. A ó dá owó àsansílẹ̀ yín padà.” Ó fi ojú àánú sọ ọ́, ojú náà sì kọjá lórí wa lọ bá oníléèsì funfun.

Ìbínú mi ru. Mo pariwo débi tí àwọn tó wà nínú ọgbà fi wọlé. Mo ní, “Iye tó wà lára ògiri yín yìí, àwọn mélòó lẹ ti tà á fún? Ojoojúmọ́ ni ògiri yín ń purọ́ fún gbogbo Badagry! Nínú àwa pẹ̀lú yín, ta ni òpùrọ́?”

Jàmíù kò gbé ohùn sókè. Ó ní, “Màmá, ògiri kì í fọwọ́ síwèé.”

Ọdún mẹ́ta ni ìwé yẹn fi wà nínú ìwé orin mi. Gbogbo ìdánwò tí mo bójú tó láyé mi, bí aago bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo máa ń pariwo pé, “Ẹ yí ìwé yín padà o, ìbéèrè wà lẹ́yìn!” Tèmi, n kò yí i padà. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Zinsu dákẹ́, mo bá a dákẹ́, nígbà tí mo sì máa lanu, irọ́ ni mo kọ́ ọ.

A ti dé etí títì nígbà tí Títílọpẹ́ sáré bá wa. Zinsu ti gbàgbé fìlà, ó mú un bọ̀. Ó ti bọ́ awò ojú rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó kúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀ níbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fìlà náà fún un.

Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Mi ò mọ̀ pé ohun tí igi túmọ̀ sí nìyẹn. Mo tún ń fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ kú ìrọ́jú, sà.”

Zinsu dúró gbagidi. Ọlọ́kadà tó ń pè wá pè títí, ó lọ. Nígbà tó yá ni Zinsu dáhùn, “O ṣé, ọmọ mi.” Lẹ́yìn wa nínú ọgbà, mo gbọ́ ìró ọ̀rá tí ẹnì kan ń fà ya lára ìjókòó.

Nígbà tí a dé Ibereko, mo wọlé, mo jókòó, n kò lè jókòó. Ojú ń tì mí. Ọmọ tí kò mọ̀ wá rí gbọ́ pé ènìyàn kú, ó sì kí ẹni tó kù, kò gbà á ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Èmi tí mo ń bá a jókòó ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí mo mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló fẹ́ràn ata, ọdún méjì gbáko ni mo fi bínú sí Agatha, tí mo sì fi ìbínú náà ṣe àwáwí. Mo dìde. Mo se ìrẹsì. Mo wá kúlà ọjọ́sí kàn, mo fọ̀ ọ́, mo bu ìrẹsì sí i. Oòrùn kò tí ì wọ̀ nígbà tí mo ré àgbàlá kọjá.

Zinsu wà lórí bẹ́ǹṣì, ní ìdajì tirẹ̀. Ó rí kúlà náà, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó dìde dúró.

“Tíṣà,” ló wí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, “ta lẹ wá kí?”

Mo ní, “Ìwọ ni mo wá kí, Zinsu. Mo gbọ́ pé Sagbo kú. O kú ìrọ́jú. O kú ará-fẹ́ra-kù.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba kúlà náà lọ́wọ́ mi. Kò ṣí i. Ó gbé e mọ́ àyà, omi sì ń dà lójú rẹ̀ sórí ìdérí rẹ̀, kò nù ún.

Ó ní, “Ẹ ṣé, Tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wí.”

Mo tún un wí.